Ìwé Ọwọ́-Wa-Mọ́

Agogo mẹ́sàn-án àárọ̀ Sátidé, oṣù Kẹfà,
mo gbé tábìlì sí ọgbà ìgbọ́kọ̀sí ìjọ wa,
etí adágún Superior, níbi tí òtútù kì í tán nínú afẹ́fẹ́
àfi tí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé ìdajì.
Ìgò ọṣẹ apakòkòrò kan. Bírò méjìlá nínú ife,
ife kejì fún èyí tí wọ́n bá ti fọwọ́ kàn.
Òkúta mẹ́rin tí mo ṣà létí omi
kí atẹ́gùn má baà kó ìwé lọ.

Ilé-iṣẹ́ adójútòfò ló fi ìwé náà ránṣẹ́ láti Milwaukee.
Èmi ni mo tẹ orúkọ sí àlàfo tí wọ́n fi sílẹ̀,
orúkọ pásítọ̀, orúkọ mi:
Marlys Aune, akọ̀wé, ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta,
tí kò pe ẹnikẹ́ni lẹ́jọ́ rí.
"Mo gbà pé ọmọ mi lè kó àrùn.
Mo gbà pé ó lè fara pa, pé ó lè kú.
N kò ní di ẹ̀bi ru ìjọ tàbí òṣìṣẹ́ rẹ̀."
Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Mo wá àṣìkọ, n kò rí.

Mọ́tò ń wọlé níkọ̀ọ̀kan, gíláàsì ń sọ̀ dé ìdajì.
Dale Brekke fọwọ́ sí i lórí sítíárìn, kò kà á.
Oṣù Kẹrin ló dágbére fún ìyá rẹ̀ láti ìta fèrèsé,
ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé gíláàsì,
nọ́ọ̀sì bá ìyá gbé tirẹ̀ lé e láti inú.
Kí ni ìwé fẹ́ sọ fún un tí kò mọ̀?
Leanne Sorum, olùkọ́ ìṣirò, fi rúlà pa ọ̀rọ̀ kan rẹ́.
"Kú" ni. Ó fọwọ́ sí ìyókù,
ó ní, "Ìyẹn ò sí nínú ohun tí mo gbà."

Verna Tulkki dé pẹ̀lú Wes, ọmọ ọmọ rẹ̀,
nínú ọkọ̀ tí ilẹ̀kùn rẹ̀ kan pupa, ìyókù búlúù.
Ó gbàgbé awò rẹ̀ sílé.
"Kà á fún mi, Marlys."
Mo kà á. Ìbòmú ń fà wọ ẹnu mi bí mo ṣe ń mí.
Kíkà sókè yàtọ̀ sí títẹ̀:
nígbà tí mo dé "ó lè kú," ọmọ náà ń wò mí,
ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, irorẹ́ níwájú orí,
tí mo máa ń so okùn bàtà fún ní ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi.

Verna dákẹ́. Ẹyẹ etí-omi kan bà lé òrùlé.
"Àwọn ta ni mi ò ní dẹ́bi fún?"
"Pásítọ̀. Àwọn tó ń tu ọkọ̀. Èmi."
"Ìwọ?"
"Èmi náà."
"Ìwọ wá fọwọ́ sí kí ni fún wa?"

Láti oṣù Kẹta ni mo ti ń fọ ọwọ́,
awọ ìka mi ń bó bí èèpo àlùbọ́sà.
N kò mọ̀ pé irú ọwọ́ mímọ́ báyìí náà wà,
tí kò béèrè omi, tí kò béèrè ọṣẹ,
àfi kí ẹlòmíràn kọ orúkọ rẹ̀.

Kò dúró gbọ́ èsì.
Ó mú pẹ́ńsùlù tirẹ̀ jáde, ó kọ nǹkan sórí ìlà,
ó ní, "Wes, lọ. Wọ ẹ̀wù ìléfòó. Má gbọ́ ti ọmọ Sorum."
Ó yí ọkọ̀ padà, ó lọ.

Mọ́kàndínlógún ni ìwé tó wà nínú dúrọ́ọ̀ mi.
Ọ̀gbẹ́ni adójútòfò pè lọ́jọ́ Ajé:
ìkọkànlá kò ka, orúkọ tó wà níbẹ̀ kì í ṣe ti òbí,
kí n fún obìnrin náà ní òmíràn.
Mo ní mo gbọ́.
Ọ̀rọ̀ mẹ́rin ni Verna kọ, wọ́n tẹ̀ sí òsì:
Bá mi ṣọ́ ọ.
Kí wọ́n tó ti ọkọ̀ àkọ́kọ́ sómi ní Sátidé yẹn,
mo ti mú bírò kan nínú ife,
èyí tí ẹnikẹ́ni kò tíì fọwọ́ kàn.